Kí Ẹgbẹ́ Wa Tó Gun Alùpùpù Wọ Igbó Ìjọba

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó di ìjà. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra alùpùpù, ti mú àbá wá síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àwọn fẹ́ kó ara àwọn jọ, kí àwọn gun alùpùpù wọ inú igbó ìjọba lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí àwọn rí igbó, kí àwọn ṣeré, kí àwọn sì padà sílé. Àwọn àgbà tí oko wọn wà létí igbó náà ní rárá o. Wọ́n ní ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú ti bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé eré ni ẹ tún fẹ́ fi parí rẹ̀ ni? Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa sì sọ ọ́ láìfi bò pé odò tí táyà yóò là kọjá ni odò tí àwọn ń pọn mu.

Ìpàdé gbogboogbò ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa irú ìrìn báyìí sínú ìwé ìròyìn wa, kí ẹnikẹ́ni má baà na ọwọ́ sókè fún ohun tí kò yé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ eléyìí.

Kí n sọ èrò tèmi síta kó má baà rú yín lójú. Mo gbà pé a lè lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju eré inú rẹ̀ lọ. Bí a bá ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ náà, ká lọ. Bí a kò bá ṣe tán, ká jókòó sílé wa, ká ta ayò.

TA LÓ NI IGBÓ?

Àwọn kan ń sọ pé, "Igbó ìjọba ni, kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló yẹ kí èyí tètè yé jù. Owó tó wà lọ́wọ́ akápò wa kì í ṣe ti ẹnì kan, síbẹ̀ ta ni nínú yín tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú?

Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàrin oríṣi igbó méjì. Èkíní ni èyí tí àwọn ará oko ń pè ní rìsáfù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti 1925 ló ti di rìsáfù. Igi gẹdú wà níbẹ̀, igi tí ìjọba gbìn wà níbẹ̀, abúlé àti oko kòkó wà níbẹ̀, erin pẹ̀lú ṣì ń gbé inú rẹ̀. Apá kan wà nínú igbó yìí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi rárá, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìtọ́jú àdánidá ti gbogbo ayé ní 1977. Oríṣi kejì ni igbó ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, irú Old Oyo National Park tí wọ́n sọ di páàkì ní 1991. Ìyẹn ní òfin tirẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gun alùpùpù kiri bó ṣe fẹ́. Rìsáfù ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ, òun náà sì ni mo ń bá bọ̀.

Nínú rìsáfù, ìwé àṣẹ ìjọba nìkan kò tó. Ẹni tó ń gbé kòkó jáde lójú ọ̀nà yẹn ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà náà. Ẹni tó ń pọn omi ní ẹ̀tọ́ lórí odò. Baálẹ̀ abúlé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń gba ìlú rẹ̀ kọjá. Ẹ máa rántí gbogbo wọn bí a ti ń lọ.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ARÁ AMẸ́RÍKÀ RÍ

Kí a tó ṣe ohun tuntun, ó dára ká wo ẹni tó ti ṣe é ṣáájú wa. Eré ká máa gun ọkọ̀ wọ igbó ti di ńlá ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lè kọ́ wa lọ́gbọ́n láìjẹ́ pé àwa náà kọ́kọ́ jìyà.

Igbó ìjọba àpapọ̀ wọn tó éékà mílíọ̀nù 193. Igbó ńlá 154 ni wọ́n pín in sí, pẹ̀lú pápá koríko 20. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Nígbà tí alùpùpù igbó àti jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, oníkálukú ń gba ibi tó bá wù ú. Kò pẹ́ tí ara òkè fi lápá, tí omi odò ń dọ̀tí, tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń gun ẹṣin ń bá ẹni tó ń gun alùpùpù fa wàhálà.

Ní oṣù kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon pàṣẹ kí wọ́n ya ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò gbọdọ̀ gbà, kí wọ́n sì ro ti ilẹ̀, omi, ewéko, ẹranko àti àwọn èèyàn yòókù mọ́ ọn. Ní 1977, Ààrẹ Carter fi kún un pé ibi tí ọkọ̀ bá ti ń ṣe ìbàjẹ́ púpọ̀, kí wọ́n tì í lójú ẹsẹ̀. Ní 2005, òfin mìíràn jáde: kí igbó kọ̀ọ̀kan ya máàpù tí yóò fi hàn ọ̀nà tó ṣí, irú ọkọ̀ tó lè gbà á, àti àkókò tó lè gbà á nínú ọdún. Ọ̀fẹ́ ni máàpù yìí. Ọ̀nà tí kò bá sí nínú rẹ̀, títì ló wà, kódà bí ẹsẹ̀ táyà ti là á gbọọrọ. "Èmi ò rí pátákó" kì í ṣe àwáwí níbẹ̀.

Wọ́n tún ní òfin fún ẹgbẹ́. Bí èèyàn 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fẹ́ péjọ nínú igbó náà láìṣe ti òwò, àtẹni tó ń gun ún àtẹni tó ń wòran, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ṣáájú. Ìwé ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì igbó, ó pẹ́ tán, wákàtí 72 kí ọjọ́ náà tó pé. Wọn kì í gba owó lórí ìwé yìí. Òfin kan tún wà pé alùpùpù tó bá máa wọ igbó gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n irin nínú sàìlẹ́ńsà rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí iná wẹ́wẹ́ ta jáde sínú ewé gbígbẹ.

Ní 1985, ilé iṣẹ́ igbó náà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní Tread Lightly, ká túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹ rọra tẹlẹ̀". Ní 1990 ó di ẹgbẹ́ olómìnira. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le: má kúrò lójú ọ̀nà, bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn, kọ́ nípa ibi tí o ń lọ kí o tó lọ, má ba odò àti ẹranko lára jẹ́, kó ìdọ̀tí rẹ padà.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Àwọn díẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́, gbogbo wọn ni ọ̀nà sì tì mọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú ìrìn ẹgbẹ́, ẹni tó hùwà burúkú jù lọ nínú wa ni àwọn ará abúlé yóò fi mọ gbogbo wa. Wọn kò ní sọ pé "Lágbájá ló ṣe é." "Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn ni" ni wọn yóò sọ.

BÍ TÁYÀ ṢE Ń BA Ọ̀NÀ JẸ́

Àwọn ọ̀dọ́ kan bi mí pé, "Bàbá akọ̀wé, kí ni alùpùpù fẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣe sí ilẹ̀ tí ọkọ̀ gẹdú ń tẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀.

Bí táyà bá kọjá lórí ilẹ̀ tútù, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ tó ti le gbagidi kì í mu omi mọ́. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi kò wọlẹ̀, inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń tọ̀. Tó bá jẹ́ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eré ni omi náà ń sá, ó ń kó erùpẹ̀ lọ, kòtò ń jìn sí i. Láàrin òjò ọdún kan, ipa táyà lè di gọ́tà. Erùpẹ̀ yẹn sì ń lọ sí ibì kan: odò ló ń lọ, ibi tí ìyá wa ti ń pọn omi. Yorùbá ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tó bá gun alùpùpù nínú ẹrẹ̀, àgbàrá ló ń lànà fún.

Èkejì ni àyíká ẹrẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dé ibi omi, ó yà sápá ọ̀tún kó má baà yọ̀. Ẹni kejì rí i pé ọ̀tún ti rọ̀, ó yà sósì. Ẹni kẹta wọ inú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà kan ti di mẹ́ta, oko ẹnìkan sì ti di títì. Nítorí náà, òfin wa ni pé ibi tí ọ̀nà bá gbà ni ká gbà. Bí ọ̀nà kò bá ṣeé gbà, ká yí padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èso koríko. Ẹ̀yin náà mọ ewé Akíntọ́lá tó gba oko wa. Àwọn onímọ̀ ewéko sọ pé ní nǹkan bí 1937 ni irúgbìn rẹ̀ bá èso igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon wọ orílẹ̀-èdè yìí. Èso kékeré tó bá èso mìíràn rìn ló di ọ̀tá oko títí dòní. Ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ táyà àti abẹ́ alùpùpù lè gbé irú èso bẹ́ẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nítorí náà, ilé la ó ti fọ alùpùpù kí a tó lọ, ilé náà la ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a bá dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ alùpùpù nínú odò.

KÍ ỌJỌ́ ÌRÌN TÓ PÉ

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Iṣẹ́ tó wà níwájú ọjọ́ yẹn nìyí.

Àkókò. Nígbà òjò, ilẹ̀ rọ̀ jù. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, ewé gbẹ, iná kékeré lè jó igbó àti oko kòkó. Nítorí náà, ìparí oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni mo rò pé ó dára jù, nígbà tí ilẹ̀ ti le ṣùgbọ́n tí igbó kò tíì gbẹ tán. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni àwọn olóko ń gbé kòkó jáde! Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yan ọjọ́ fún wa, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń kó kòkó.

Àṣẹ. Ìgbìmọ̀ yóò kọ ìwé sí ọ́fíìsì igbó ti ìpínlẹ̀, yóò sọ iye èèyàn, iye alùpùpù, ọ̀nà tí a fẹ́ gbà, wákàtí tí a ó wọlé àti èyí tí a ó jáde. Kí ìdáhùn jẹ́ kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe "ọ̀gá ti ní kò burú" lórí foònù. Lẹ́yìn náà, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ rí Baálẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ọ̀nà. Kí wọ́n má rán ọmọdé lọ.

Ààbò. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, igbó òde òní kì í ṣe igbó àtijọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó kan di ilé. Kí a tó fọwọ́ sí ọ̀nà kankan, kí a bi àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020, kí a sì bi àwọn olóko tó ń sùn níbẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní kò dára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, a ò lọ mọ́.

Yíyẹ ọ̀nà wò. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí èèyàn mẹ́ta gba ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n kọ gbogbo oríta sílẹ̀, gbogbo odò, igi tó wó dínà, ibi tí foònù kì í ti í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ibi tí ọkọ̀ lè wọlé tí wọ́n bá nílò láti gbé aláìsàn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Èèyàn àti ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, akoto, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti bíréèkì tó ń mú, kó wá bá wa wòran nígbà tí a bá ń gbéra. Kí mẹkáníìkì wo alùpùpù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Sàìlẹ́ńsà tó ti lu kò gbọdọ̀ wọ igbó: ariwo rẹ̀ ń lé ẹranko, ó ń bí ará abúlé nínú, ó sì lè ta iná sílẹ̀. Kò sí ọtí, kò sí ẹlẹ́yìn lórí alùpùpù, kò sí ìbọn, kò sí ajá ọdẹ. Ìrìn la ń rìn, a kò lọ pa ọ̀yà.

Iye. Wọ́n lè jẹ́ 40 tó fẹ́ lọ. Kí a má kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n lọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kan má ju 8 lọ, kí ọ̀wọ́ kan sì fi ìdajì wákàtí jìnnà sí èkejì.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí àwa má ṣe bí ejò. Ètò kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nínú ìrìn yìí ń lò, ó sì rọrùn láti kọ́.

Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú kan àti akẹ́yìn kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya aṣáájú sílẹ̀, akẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí aṣáájú bá dé oríta, yóò fi ọwọ́ dá ẹni tó tẹ̀ lé e dúró níbẹ̀. Ẹni yìí yóò máa tọ́ka ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tó bá rí akẹ́yìn. Nígbà náà ni yóò tó wọlé síwájú akẹ́yìn, kí ìrìn máa lọ. Ẹni tó ti di kejì báyìí ni yóò dúró ní oríta tó kàn. Báyìí, kò sí ẹni tó ń sáré nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọnù. Eré àsápajúdé tí ń pa àwọn ọ̀dọ́, ìbẹ̀rù ìfisílẹ̀ yẹn ló máa ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí a bá pàdé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, pàápàá ẹni tó ru ẹrù, kí a rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a kí i. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi ìka ọwọ́ sọ iye èèyàn tó ṣì kù lẹ́yìn. Ìka mẹ́ta, mẹ́ta ṣì ń bọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ tó dì, ó ti parí, èmi ni ìkẹyìn. Ẹ rí bí nǹkan kékeré yìí ṣe wúlò tó: ìyá tó ru agbọ̀n kò ní bọ́ sójú ọ̀nà nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀ kíkankíkan. Bí a bá pàdé màlúù, ká pa ẹ́ńjìnnì, ká jẹ́ kí darandaran kó wọn kọjá.

Bí a bá dé odò, ibi tí ọ̀nà ti là á ni ká gbà, ká dojú kọ ọ́ ní tààrà, ká rọra kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má tọ inú odò lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ìyá tàbí ọmọ bá ń pọn omi lọ́wọ́, ká dúró títí wọn yóò fi pọn tán, kódà bó gba ìṣẹ́jú 20. Orí òkè tó rọ̀, ká má máa yí táyà lójú kan. Ibi tí ọ̀nà bá ti kọ igun, ká má gé e ní àbùjá.

Bí a bá dúró jẹun, kí a má gbé alùpùpù gbígbóná sórí koríko gbígbẹ. Kò sí sìgá, kò sí iná dídá. Ọ̀rá omi, ìwé gààrí, ọsàn tí a mu tì, gbogbo rẹ̀ ni a ó kó padà sílé. Akẹ́yìn ni yóò wo ibẹ̀ kí ọ̀wọ́ tó gbéra.

Kí aṣáájú kọ̀ọ̀kan ní àpótí oògùn ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan ó kéré tán nínú ọ̀wọ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti bí wọn kì í ṣeé fa ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Kí ẹnì kan jókòó sílé pẹ̀lú orúkọ gbogbo wa àti wákàtí tí a ní láti padà. Bí wákàtí náà bá kọjá, ó ti mọ ẹni tí yóò pè.

OWÓ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé akápò ti ń dúró dè mí níbi yìí. Ẹ jẹ́ ká tún wo Amẹ́ríkà díẹ̀. Nínú igbó wọn, bí ẹgbẹ́ bá ti gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kópa, òwò ni ìjọba kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ kò fẹ́ jèrè kankan. Ìwé àṣẹ rẹ̀ á yàtọ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Owó máa ń yí ìwà padà. Ẹni tó ti san owó á ní òun ti ra igbó.

Àbá tèmi ni pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan ra epo rẹ̀, kó gbé oúnjẹ rẹ̀. Kí a má fọwọ́ kan owó àjẹṣẹ́kù, kí a má sì ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń lọ dá owó díẹ̀ jọ sọ́wọ́ akápò, owó àtúnṣe. Bí a bá tẹ ẹ̀gẹ́ ẹnìkan tàbí tí a fọ́ afárá onígi, inú rẹ̀ la ó ti san án lọ́jọ́ náà gan-an, kí olóko tó pe ìpàdé lé wa lórí. Bí kò bá sí ìbàjẹ́, iṣẹ́ wà fún owó náà. Ẹ gbọ́ ọ.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ DÉ

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alùpùpù ló ti bá ilé iṣẹ́ igbó ṣe àdéhùn, wọ́n gba ọ̀nà kan ṣe tiwọn, wọ́n ń lọ tún un ṣe lọ́dọọdún lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gé igi tó wó dínà, wọ́n ń ṣe ebè dídábùú sí ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi òjò lè yà sínú igbó kó tó ní agbára. Ẹ̀yin àgbà, kí ni a ń pe ìyẹn nílẹ̀ wa? Ọ̀wẹ̀ ni. Kí wọ́n tó kọ́ wa ni àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Láti 1995 ni àjọ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé ti kọ ìlànà méje sílẹ̀ fún gbogbo wa. Ìkeje nínú wọn ni pé kí ẹgbẹ́ máa ro ti àwùjọ tó wà láàrin rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣeré lójú ọ̀nà àwọn olóko, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan ṣọ̀wẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Kí wọ́n kó àdá àti ọkọ́ lọ, kí wọ́n yọ igi tó wó, kí wọ́n dí kòtò tó wà lórí òkè, kí wọ́n ṣe ebè tí yóò darí omi, kí wọ́n kó òkúta sí ibi tí ọ̀nà ti la odò, kí ẹrẹ̀ má baà máa ru. Kí ọ́fíìsì igbó fọwọ́ sí i ṣáájú. Owó àtúnṣe tí kò bá ná ni a ó fi ra irin iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrìn, kí àwọn mẹ́ta tó yẹ ọ̀nà wò tún padà lọ pẹ̀lú olóko kan, kí wọ́n jọ wo ohun tí a fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ èyí tí ẹ sì ní ó ti pọ̀ jù, mo bọ̀wọ̀ fún òótọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àbá náà sùn. Ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá ní àwọn gbà, tí wọ́n sì ṣọ̀wẹ̀ náà lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "rárá" dá wọn lóhùn mọ́. Alùpùpù tí wọ́n fẹ́ gbé wọ igbó yìí náà ni ó ń gbé kòkó yín jáde, òun náà ló ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọ̀nà ṣe kì í fẹ́ rí i kó bàjẹ́.

Ìpàdé gbogboogbò ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni ra ìbò. Ohun mẹ́ta ni a ó dìbò fún lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ ọ̀wẹ̀, ìwé àṣẹ, àti ọjọ́ ìrìn. Bí èkíní bá ṣubú, a kò ní dé ìkejì. Bí ìkejì bá ṣubú, a kò ní dé ìkẹta. Kí àwọn olóko tó wà létí igbó wá, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Wọn kò ní dìbò, ṣùgbọ́n wọn yóò sọ̀rọ̀, a ó sì gbọ́.

 

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé